Gígun òkè àpáta inú aṣálẹ̀: àbọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun òkè ló fi téńté òkè ṣe òpin ìrìn àjò. Wọ́n á ka wákàtí tí wọ́n máa fi gòkè, wọ́n á wọn omi tó máa gbé wọn débẹ̀, wọ́n á dé orí rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó rántí pé ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ yìí náà ló máa gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Nínú aṣálẹ̀, àṣìṣe yìí kì í ṣe kékeré. Àárọ̀ tútù lèèyàn fi ń lọ, oòrùn ọ̀sán gangan ló fi ń bọ̀. Omi ti ń tán nínú ike, orúnkún ti ń gbọ̀n, àpáta tó rọrùn láti gùn láàárọ̀ sì ti di ohun tí èèyàn ń yọjú wò látòkè tí kò rí ibi tó máa gbẹ́sẹ̀ lé.

Nítorí náà, láti ẹ̀yìn ni mo ti máa ń ṣètò temi bọ̀ wá síwájú. Aago mélòó ni mo fẹ́ padà dé ìdí ọkọ̀? Ọ̀nà wo ni mo máa gbà sọ̀? Omi mélòó ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bá ń yí padà? Bí mo bá ti rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Irú òkè tí mò ń sọ rèé: ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iyanrìn àti igi ẹlẹ́gùn-ún, àárín rẹ̀ jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kún fún òkúta tí kò dúró sójú kan, òkè rẹ̀ wá jẹ́ àpáta níhòòhò tí ẹsẹ̀ nìkan ò lè gbé èèyàn gùn, àfi kí ọwọ́ bá a sí i. Irú rẹ̀ wà ní Sahara, ní Sinai, ní Wadi Rum ní Jọ́dánì, ní Nàmíbíà, ní Arizona. Kì í sábà gba okùn, ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ti lè já bọ́ kó má dìde mọ́ wà níbẹ̀ dáadáa.

Ẹ mọ òkè tẹ́ ẹ fẹ́ gùn

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín ìrìn orí òkè sí ipele márùn-ún. Ipele 1 ni ojú ọ̀nà lásán. Ní ipele 2, ọwọ́ máa ń kan òkúta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ipele 3 ni ibi tí ọwọ́ ti di dandan, tí ìṣubú sì lè ṣeni léṣe gidi. Ní ipele 4, ìṣubú lè pa èèyàn, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń lo okùn níbẹ̀. Ipele 5 ni ti àwọn tó fi okùn gun àpáta ṣe iṣẹ́ tàbí eré. Ẹni tí kò bá gun àpáta rí, ipele 2 ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó gun irú òkè bẹ́ẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin kó tó fọwọ́ kan ipele 3. Èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa bẹ̀rẹ̀ láti ipele 4 nítorí pé ó rí fọ́tò ẹlòmíì.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń ka nọ́ńbà yìí kì í fura sí: ojú ọ̀nà tó tọ́ nìkan ni wọ́n wọ̀n, lọ́jọ́ tí àpáta gbẹ. Ẹ yà bíi mítà mẹ́wàá sọ́tùn-ún, ipele 3 lè di 5 mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ tún wádìí irú òkúta tó wà níbẹ̀. Gíránáìtì máa ń ha bí ìrinsẹ̀, bàtà máa ń gbá a mú dáadáa, àmọ́ ara rẹ̀ máa ń ṣí láwẹ́láwẹ́, awẹ́ tó ti ṣí sì lè já mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Òkúta oníyanrìn rọ̀ ju bó ṣe rí lójú lọ. Bí òjò bá rọ̀ sí i, agbára rẹ̀ máa ń dín kù, ohun tó gbé èèyàn láná lè fọ́ lónìí, nítorí náà ẹ fún un ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó gbẹ tinútinú, kó má ṣe pé òde ara rẹ̀ nìkan ló gbẹ. Òkúta tó ti inú òkè ayọnáyèéfín jáde ni mo kórìíra jù: ó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, kò sí èyí tí ẹ lè fọkàn tán láìdán an wò.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣì ń gba èèyàn láyè láti gùn ún. Uluru ní Ọsirélíà, àpáta tó ga tó mítà 348 lókè pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó yí i ká, ibi mímọ́ ni lójú àwọn Anangu tó ni ilẹ̀ náà, wọ́n sì ti ti gígùn rẹ̀ pa láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2019. Ibi tí wọ́n bá ní ká má gùn, ká wò ó láti ìsàlẹ̀, ká kọjá.

Ìṣirò wákàtí àti omi

Ọmọ Sìkọ́tílándì kan tó ń jẹ́ William Naismith ló fi ìlànà kan lélẹ̀ ní 1892 tí àwọn agunkè ṣì ń lò dòní. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lónìí: wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, kẹ́ ẹ wá fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tẹ́ ẹ bá gùn sókè. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe òkè kan. Láti ìdí ọkọ̀ dé téńté jẹ́ kìlómítà 5, òkè náà sì fi mítà 900 ga ju ibi tẹ́ ẹ ti gbéra lọ. Wákàtí kan fún ọ̀nà, wákàtí kan ààbọ̀ fún gíga, ó di méjì ààbọ̀. Ṣùgbọ́n Naismith ò ro ti àpáta tó gba ọwọ́ mọ́ ọn, nítorí náà mo máa ń fi wákàtí kan ààbọ̀ míì kún un. Àlọ di wákàtí mẹ́rin. Àbọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ìdajì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ mẹ́ta ààbọ̀, nítorí àpáta ò ṣe é sáré sọ̀. Ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ìsinmi àti fún ọ̀nà tẹ́ ẹ máa ṣì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dé ìdí ọkọ̀ ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, aago márùn-ún ìdájí lẹ gbọ́dọ̀ gbéra, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́ iwájú orí. Aago mẹ́sàn-án ló yẹ kẹ́ ẹ wà lórí òkè. Ẹ wá dá aago ìyípadà, ká sọ pé mẹ́sàn-án ààbọ̀. Bó bá lù, tẹ́ ẹ ò tíì débẹ̀, ẹ yí padà, ì báà jẹ́ pé ẹ̀ ń rí téńté níwájú. Ìdí òkè ni kẹ́ ẹ ti dá aago yìí, nígbà tí orí yín ṣì tutù, kí gbogbo ẹni tó ń lọ sì gbọ́ ọ. Lókè lọ́hùn-ún, ojúkòkòrò orí òkè kì í jẹ́ kí èèyàn dájọ́ tó tọ́.

Omi wá ńkọ́? Ìdajì lítà sí lítà kan láàárín wákàtí kan ni ara ń fẹ́ bí oòrùn bá mú. Ní ọjọ́ tó tutù díẹ̀, lítà 5 tó fún ẹnì kan lórí òkè wa yìí. Lítà kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà kílò márùn-ún ti wà lẹ́yìn yín kẹ́ ẹ tó ka ohun míì. Èmi máa ń pín temi sínú ike oní-lítà kan márùn-ún, kì í ṣe sínú rọ́bà ńlá kan tó ní ọ̀pá tí wọ́n ń fẹnu fà mu omi, torí èèyàn kì í rí ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìyẹn. Ike méjì fún àlọ, méjì fún àbọ̀, ọ̀kan fún ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá ṣí ike kẹta kí n tó dé orí òkè, mo mọ̀ pé mo ti ń ná owó ọkọ̀ àbọ̀.

Òógùn aṣálẹ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé òógùn ò ní dúró lára kó rin aṣọ, ó ti fẹ́ lọ kẹ́ ẹ tó mọ̀. Iyọ̀ funfun tó wà lára aṣọ àti etí fìlà lẹ máa rí. Iyọ̀ yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ máa dá padà: ẹ jẹ ohun oníyọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń mu omi. Ẹni tó bá ń mu omi lásán ṣáá láìjẹ nǹkan, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, orí á fọ́ ọ, èébì á gbé e, ọkàn rẹ̀ á dàrú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì rò pé òùngbẹ ni, wọ́n á tún fún un lómi sí i. Àṣejù méjèèjì ló léwu. Ìtọ̀ tó pọ́n rúsúrúsú ń sọ pé omi kù. Ìtọ̀ tó funfun bí omi kànga lọ́pọ̀ ìgbà ń sọ pé ó ti pọ̀ jù.

Bí wọ́n bá sọ pé ooru ọjọ́ náà máa ju 35°C lọ, èmi kì í lọ. Kò sí ike tó lè gbé èèyàn la irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ já lórí àpáta tí kò ní ibòji.

Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ

Ní ọdún 2003, agunkè ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Aron Ralston dá wọ inú pàlàpálá àpáta kan ní Utah. Kò sọ fẹ́nikẹ́ni ibi tó ń lọ. Òkúta ńlá kan yí, ó há ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ògiri àpáta. Ó lé ní ọjọ́ márùn-ún tó fi wà níbẹ̀, kó tó fi ọ̀bẹ kékeré gé ọwọ́ ara rẹ̀ kó lè yè. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan péré ni ìyàtọ̀: orúkọ òkè, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, ibi tẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ sí, aago tẹ́ ẹ máa padà, àti aago tí ẹni náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn adóòlà bí kò bá gbúròó yín. Aago tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni náà á máa rò ó pé "wọ́n ń bọ̀" títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ohun tẹ́ ẹ máa gbé

Mi ò ní ka gbogbo ẹrù. Bàtà ló ṣáájú: àtẹ́lẹ̀ tó rọ̀ tó sì ń lẹ̀ mọ́ àpáta, tí kò tẹ̀ jù níwájú, tí ìka ẹsẹ̀ ò sì máa yọ̀ síwájú nínú rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tó tú dáadáa, fìlà etí gbòòrò, àti awò dúdú. Bí èèyàn ṣe ń gun mítà 1000, bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ ara ń fi bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún le sí i. Ẹ mú aṣọ òtútù kan dání, kódà bí ọ̀sán bá gbóná. Kò sí ìkùukùu tó máa bo ilẹ̀ lálẹ́, ooru á fò lọ, èèyàn tó ń làágùn lọ́sàn-án á máa gbọ̀n lóru.

Ẹ fi ìbọ̀wọ́ aláwọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú báàgì, pẹ̀lú akoto fún ibi tí òkúta ti lè yí, tọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bátìrì kún un, fèrè, dígí kékeré, àti máàpù oníwèé. Ẹ gba máàpù sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, torí fóònù tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri níbi tí kò sí máa ń jẹ bátìrì bí eṣú. Níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, ẹ̀rọ sátẹ́láìtì kékeré tó ń fi ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ tó owó tí wọ́n ń tà á.

Ohun kan kù tó máa ń pa àwọn tuntun lẹ́rìn-ín: òòyà àti ẹ̀mú kékeré. Ní aṣálẹ̀ Sonora tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, kákítọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní cholla. Bẹ́ ẹ bá kàn fara kan án, odidi bọ́ọ̀lù ẹ̀gún á já, á lẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ fà á, ó ti di ti ọwọ́ nìyẹn. Ẹ ki òòyà sí àárín ara yín àti bọ́ọ̀lù náà, ẹ fi agbára ta á dànù lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo ẹ̀yìn yín kó má bàa lẹ̀ mọ́ ẹlòmíì, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀mú yọ èyí tó kù níkọ̀ọ̀kan.

Láti ìdí ọkọ̀ dé ibi òkúta

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tẹ́ ẹ ṣì jìnnà sí òkè, ẹ dúró kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Láti òkèèrè lẹ ti lè rí bí ọ̀nà ṣe so kọ́ra: pàlàpálá wo ló já sókè, èwo ni ògiri dí, ibo ni òkè náà ti yọ gọ̀ǹgọ̀ bí ọ̀pá ẹ̀yìn màlúù tó rù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ìdí rẹ̀, imú òkè tó wà níwájú á bo gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn, fọ́tò yẹn ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ wà.

Nínú ipa odò gbígbẹ ni ìrìn ti máa ń rọrùn jù, iyanrìn rẹ̀ ò ní ẹ̀gún. Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pàgọ́ sínú rẹ̀, ẹ má sì gbé ọkọ̀ síbẹ̀. Òjò tó rọ̀ sórí òkè tó jìnnà sí yín lè di àgbàrá kó dé bá yín lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́ kedere. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ le, kì í tètè mu omi. Omi tó ń sáré tí kò sì ju kókósẹ̀ lọ ti tó láti gbé àgbàlagbà ṣubú. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró bí ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ níbi tí kò sí títì, ẹ má dúró wò ó, ẹ gun ẹ̀gbẹ́ odò lọ sókè. Ní Sonora, láti oṣù Keje dé oṣù Kẹsàn-án ni òjò oníjì máa ń bọ̀, ọ̀sán ló sì sábà máa ń dé, ìdí míì nìyẹn tí ìdájí fi dára.

Níbi tí kò bá sí odò, ẹ wo ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀. Láwọn aṣálẹ̀ kan, ilẹ̀ máa ń ní èèpá dúdú hákaháka lójú. Ohun abẹ̀mí ni èèpá yẹn, òun ló di iyanrìn mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, ojú ẹsẹ̀ kan sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó san. Ẹ tẹ òkúta, tàbí iyanrìn odò.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ ló tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbésẹ̀ méjì síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Ẹ wá àwọn òkúta ńlá tó ti fìdí múlẹ̀, ẹ máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sí èkejì, tàbí kẹ́ ẹ rìn létí ògiri àpáta kẹ́ ẹ lè máa fọwọ́ gbára lé e. Bẹ́ ẹ bá pọ̀, ẹ má tò tẹ̀ léra lórí ìlà kan. Ní gbangba, ẹ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín. Nínú pàlàpálá tó há, ẹ sún mọ́ra débi pé òkúta tí ẹni iwájú bá yí ò ní ráyè sáré kó tó kan ẹni ẹ̀yìn, tàbí kí ẹnì kan gùn tán kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Bí òkúta bá já, ẹ kígbe "Òkúta!" lójú ẹsẹ̀, kódà bẹ́ ẹ bá rò pé kò sẹ́nì kankan nísàlẹ̀. Ẹni tó gbọ́ igbe náà ò gbọ́dọ̀ gbójú sókè wò. Kó lẹ̀ mọ́ àpáta, kó tẹ orí ba.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lórí àpáta

Ibi tí iṣẹ́ wà rèé. Òfin tó ṣáájú ni pé mẹ́ta nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ máa wà lára àpáta nígbà gbogbo. Ẹ gbé ẹyọ kan, ẹ rí i pé ó ti fìdí múlẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé òmíràn. Ó dún bí ohun tí ọmọdé mọ̀, títí ẹ̀rù á fi ba èèyàn tó máa fẹ́ fọwọ́ méjèèjì na ohun tó wà lókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹsẹ̀ ló ń gbé èèyàn, ọwọ́ kàn ń jẹ́ kó dúró ṣinṣin ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tuntun ló máa ń fi ọwọ́ fa ara wọn sókè bí ẹni ń fa omi kànga, apá á rẹ̀ wọ́n láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín. Ẹ wá ibi ìtẹ̀sẹ̀ kékeré tó súnmọ́ra dípò ọ̀kan gíga tó máa mú kẹ́ ẹ na ara tán. Ẹ má fi orúnkún gùn ún, orúnkún ò ní àtẹ́lẹ̀ bàtà.

Lórí àpáta pẹrẹsẹ tó dà gẹ̀rẹ́, tí kò ní ibi ìdìmú, ẹ̀rù máa ń mú kí èèyàn fàyà lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn gan-an ló ń yọni. Bí ara bá ti dà mọ́ àpáta, ìwúwo á kúrò lórí ẹsẹ̀, bàtà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹ dúró gangan, kí ìdí yín wà lókè gìgísẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ lọ sílẹ̀ kí àtẹ́lẹ̀ bàtà fi púpọ̀ nínú ara rẹ̀ kan òkúta. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní mítà kan sókè ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe é níbi tó ga. Ẹ óò rí i pé bí ẹ ṣe ń dúró gangan sí, bẹ́ẹ̀ ni bàtà ń gbá àpáta mú sí, ara á sì gba ohun tí ọkàn ò gbà.

Ibi ìdìmú kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kẹ́ ẹ tó gbé ara lé e. Èyí tó bá dún bí igbá òfìfo ti ya kúrò lára ìyá rẹ̀. Bí kò bá sí òmíràn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ẹ má fà á síta. Ẹ má ki ọwọ́ sínú ihò tàbí sórí pèpéle tójú yín ò tíì rí: ejò àti àkeekèé náà ń wá ibòji.

Òfin mi tó le jù rèé, òun ni mo sì máa fi ń bá àwọn tí mò ń mú lọ jà: ẹ má gun ohun tẹ́ ẹ ò lè sọ̀. Kẹ́ ẹ tó kọjá ibi kan tó le, ẹ gun ìgbésẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì padà sọ̀ ọ́. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ máa lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ibẹ̀ ni òkè ti parí fún yín lọ́jọ́ yẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe ń gùn, ẹ máa yíjú padà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lẹ́yìn yín. Òkè tẹ́ ẹ rí nígbà tẹ́ ẹ ń gùn kọ́ ni òkè tẹ́ ẹ máa rí nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀.

Lórí òkè

Ẹ jókòó, ẹ mu omi, ẹ jẹun, ẹ wo aago. Ìṣẹ́jú ogún tó. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ àrá níbikíbi, ẹ sọ̀ kíá. Téńté òkè ni mọ̀nàmọ́ná ń wá.

Sísọ̀ kalẹ̀

Nígbà tí èèyàn bá ń gòkè, gbogbo ọ̀nà ń pàdé ni. Bẹ́ ẹ bá ṣì í díẹ̀, téńté kan náà ló ṣì máa gbà yín. Nígbà tí èèyàn bá ń sọ̀, gbogbo ọ̀nà ń túká ni. Igun kékeré tẹ́ ẹ fi yà lókè lè di kìlómítà méjì nísàlẹ̀, tàbí kó gbé yín dé etí ọ̀gbun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbésẹ̀ ogún àkọ́kọ́ kúrò lórí òkè ló yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ yọ fọ́tò jáde, ẹ yọ máàpù, ẹ rí i dájú.

Mo ti fi ojú ara mi rí i. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń sọ̀ láti orí òkè tí a gùn wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárọ̀. Mo rí òkítì òkúta kékeré tí ẹnì kan tò jọ bí àmì ọ̀nà, mo ní ọ̀nà nìyẹn. Òkítì kejì, ẹ̀kẹta. A ti sọ̀ tó bíi mítà ọgọ́rùn-ún nínú pàlàpálá náà kí òkítì tó tán, a sì bá ara wa ní bèbè ògiri tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìnnà ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Ẹni tó to òkúta wọ̀nyẹn náà ti ṣìnà, ó sì fi àmì ìṣìnà rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. A ní láti gun gbogbo rẹ̀ padà nínú oòrùn ọ̀sán. Omi ike àjẹṣẹ́kù ni a fi délé. Láti ọjọ́ náà, òkítì òkúta kì í ṣe ẹ̀rí lójú mi, ìmọ̀ràn àlejò ni. Èmi náà kì í sì í tò ó.

Bí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ sọ̀ bá rọrùn, ẹ kọjú síta, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀. Bó bá le díẹ̀, ẹ fẹ̀gbẹ́ sọ̀. Bó bá ga tó sì dúró gangan, ẹ kọjú sí àpáta bí ẹni tó ń sọ̀ lórí àkàbà. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọwọ́ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá ibi ẹsẹ̀, torí ọwọ́ tó wà lókè jù kì í jẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ ba wo ìsàlẹ̀. Báàgì tó wú lè ti èèyàn kúrò lára àpáta, ẹ dè é mọ́ra ṣinṣin. Ẹ má ju báàgì sísàlẹ̀ ṣáájú. Mélòó nínú ike omi ló ń bẹ lódidi lẹ́yìn irú ìyẹn?

Ẹ má fò. Mítà kan àtààbọ̀ tó dà bí ohun tí kò tó nǹkan lè yí kókósẹ̀ níbi tí àwọn adóòlà máa fi wákàtí mẹ́fà dé. Ẹ jókòó, ẹ yọ̀ sọ̀, ó sàn kí ṣòkòtò fà ya.

Bí nǹkan bá dojú rú

Ẹni tí ooru bá mú á kọ́kọ́ rẹ̀, orí á fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, pajápajá lè mú un lẹ́sẹ̀. Ẹ wá ibòji fún un, kódà kó jẹ́ òjìji àpáta kan tàbí aṣọ tẹ́ ẹ nà sórí, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀, ẹ rin aṣọ àti ọrùn rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fẹ́ ẹ. Nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, aṣọ tútù ń ṣe ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Òkè ti parí fún gbogbo yín lọ́jọ́ yẹn. Bó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tàbí tó ń ta gọ́ọ́gọ́ bí ọ̀mùtí, ìwọ̀n ooru ara rẹ̀ ti lè kọjá 40°C. Pàjáwìrì ni. Ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tẹ́ ẹ bá ní sí i lára, ẹ pe ìrànlọ́wọ́, ẹ má sì fipá da omi sí i lẹ́nu bí kò bá mọ ibi tó wà.

Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ yẹra fún ejò náà, ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wú, ẹ mú kó dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má fi abẹ gé ojú ibi tó bù jẹ, ẹ má fẹnu fà á. Ilé ìwòsàn nìkan ló ní oògùn rẹ̀.

Láti ké sí èèyàn, ẹ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ á fun mẹ́ta padà. Lọ́sàn-án, ẹ fi dígí darí oòrùn sí ibi tẹ́ ẹ rò pé èèyàn wà. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú mọ́ yín lórí àpáta, ẹ má ṣe fọwọ́ wá ọ̀nà sọ̀. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú tí afẹ́fẹ́ ò ti pọ̀, ẹ wọ gbogbo aṣọ tẹ́ ẹ ní, ẹ jókòó lórí báàgì kí àpáta má fa ooru ara yín, kẹ́ ẹ dúró de ìdájí. Òru máa gùn, àmọ́ àwọn tó wà nílé ti mọ aago tó yẹ kí wọ́n pè.

Nínú ọkọ̀, ẹ ti fi omi lítà méjì míì sílẹ̀ láàárọ̀, ó ti gbóná báyìí, ẹ mu ún bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọn òkúta inú bàtà dànù, ẹ kọ aago tẹ́ ẹ gbéra, aago tẹ́ ẹ dé orí òkè, àti iye omi tó ṣẹ́ kù sínú ìwé kan, torí ìwé yẹn ló máa tún ìṣirò òkè tó ń bọ̀ ṣe ju ìlànà Naismith lọ. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, ẹ wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ aago nílé pé ẹ ti sọ̀.